Ọkọ̀ Onílẹ̀kùn Méjì Tí Mo Bá Tíṣà Yàn

Ẹ má bínú tí ẹ bá rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ara mi ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi Jẹ̀lílì, mẹkáníìkì, ọmọ bíbí Òṣogbo, tí ṣọ́ọ̀bù mi ti wà lẹ́bàá Dàda Estate láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, èmi ni mo mọ ohun tó pa ọkọ̀ Tíṣà Cornelius. Fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ sọ ọ́ kó lè kúrò lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò ní kúrò.

Ará Iléṣà ni Tíṣà Cornelius. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Èmi ni mo ń tún Peugeot 504 rẹ̀ ṣe títí ọkọ̀ náà fi di ibi tí adìẹ ń yé sí. Ó fi ọdún méje jù mí lọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá mi jà lórí owó iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí lọ́jọ́ tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, tó jókòó lórí táyà, tó ní, "Jẹ̀lílì, mo fẹ́ ra ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onílẹ̀kùn méjì. Èyí tí imú rẹ̀ gùn yẹn."

Mo pariwo. "Tíṣà! Ẹ̀yin kẹ̀? Ìjẹ̀ṣà tí kò rídìí ìṣáná, tó jẹ́ pé ilé lẹ ti ń múná roko, ẹ̀yin lẹ fẹ́ ra irú ọkọ̀ yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí Akínkúnmi ọmọ mi náà sọ lórí fóònù nìyẹn. Ó ní kí n ra Corolla."

"Ọmọ yín gbọ́n. Corolla, abẹ́ igi wo ni wọn ò ti lè tún un ṣe? Èyí tí ẹ ń sọ yìí, pátì rẹ̀ ò sí ní Òṣogbo, kò sí n'Íbàdàn. Ó ń mu epo bí ẹni mu omi. Ìlẹ̀kùn méjì péré. Tí ẹ bá fẹ́ gbé àlejò ńkọ́?"

"Mi ò fẹ́ gbé àlejò. Èmi àti Ìyá Akin ni."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní ojú òsì òun ti lọ, pé dókítà sọ pé ọ̀tún máa tẹ̀lé e kí ọdún tó yípo. Ó ní kò sí oògùn tó máa dá a dúró, pé kí òun ṣe ohun tí òun bá fẹ́ fi ojú ṣe kí ó tó lọ. Mo kàn ní, "Lá iláá," mo sì gbé spánà tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

"Mo ti ya Òkè Òbúdù sójú bọ́ọ̀dù, mi ò lè ka iye ìgbà," ló wí. "Mo ya Jọ́ọ̀s, mo ya Mambila, mo fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ya gbogbo rẹ̀. Mi ò kọjá Benin rí láyé mi. Ọmọ kan bi mí léèrè nígbà kan pé, 'Sà, ṣé ẹ ti débẹ̀?' Mo parọ́ fún un, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ lọ wò ó, Jẹ̀lílì. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi wa ara mi débẹ̀, kí Ìyá Akin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Mo ní ṣé Corolla ò lè dé Òbúdù ni. Ó ní ó lè dé ibẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní Fọ́ọ̀mù Tú, òun dákú lórí pápá, ọ̀gá iléèwé wọn, òyìnbó kan, sì gbé òun sínú irú ọkọ̀ yẹn lọ sí ọsibítù. Ojú ọ̀nà ni òun ti ta jí. Òun rí igi tó ń sá kọjá lójú fèrèsé, òun ò gbọ́ ariwo kankan, àfi bíi pé ilẹ̀ ló ń yí lábẹ́ òun. "Mo ní lọ́kàn mi pé ọkọ̀ tí èèyàn fi ń rìnrìn àjò nìyí. Èyí tó kù, ẹrù ni wọ́n fi ń kó."

Ẹ sọ fún mi, ta ló lè lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dànù? Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó ti ń retí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sì pọ̀. Ó ní ìdajì wà fún ọkọ̀, ìdajì fún epo àti ibi tí wọ́n máa sùn lọ́nà. Ohun kan ṣoṣo tó mú kó lè ṣeé ṣe ni pé irú ọkọ̀ yẹn, bó ti wù kó lẹ́wà tó, tó bá ti gbó díẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń sá fún un, owó rẹ̀ a já wálẹ̀ ju ti Corolla lọ. Mo kìlọ̀ fún un. Mo ní, "Tíṣà, iye tí tálákà lè rà á ni wọ́n ń tà á, àmọ́ iye tí ọlọ́rọ̀ fi ń tún un ṣe kò yí padà o. Ọ̀kan tó dáa la gbọ́dọ̀ rí, àbí ká fi í sílẹ̀."

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Èyí àkọ́kọ́ wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zulkifli, orí fóònù ló ti ń ta ọkọ̀. Aláwọ̀ ewé ni, ó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Tíṣà ti ń rẹ́rìn-ín kí a tó dé ìdí rẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀. Mo yọ òòfà kékeré tí mo tú lára sípíkà àtijọ́ jáde lápò, mo fi lé ara ìlẹ̀kùn. Òòfà já bọ́. Mo fi lé ẹ̀yìn, ó tún já bọ́. Abẹ́ ọ̀dà yẹn kì í ṣe irin mọ́, ìyẹ̀pẹ̀ funfun tí wọ́n fi ń dí ihò ni. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo bá ẹrẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ ìjókòó.

"Zulkifli, odò wo lọkọ̀ yìí ti lúwẹ̀ẹ́?"

"Alfa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni."

"Orí òkun ló gbà bọ̀, àbí abẹ́ òkun?" Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo ń yan bí ẹni tó mọ nǹkan.

Èkejì wà n'Íléṣà gan-an, nínú ọgbà bàbá kan tó ti kú, tó fi ọmọ méje sílẹ̀. Àbúrò pátápátá ló pè wá pé ká wá rà á. A ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi jáde, tó jókòó lé imú ọkọ̀, tó ní ọkọ̀ bàbá òun kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí òkú òun bá ṣáájú. Eku ti jẹ gbogbo wáyà rẹ̀ bákan náà. Mo fa Tíṣà lápá. Ọkọ̀ ogún, ẹ má rà á láé. Ẹnì kan ló máa tà á fún yín, ẹni mẹ́fà ló máa wá gbà á padà.

Bẹ́ẹ̀ ni a wá a fún oṣù méjì, ojú Tíṣà sì ń ṣókùnkùn sí i. Tó bá fẹ́ wo nǹkan, ó ti ní láti yí orí rẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ìtòsí ṣọ́ọ̀bù mi níbí la ti rí i. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, Julianah, ló ń gbé ní Dàda Estate. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló gbé ọkọ̀ náà ti ìlú òyìnbó bọ̀, kó tó tún padà lọ. Julianah bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń tan án. Búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ni. Òòfà mi mú un níbi gbogbo. Mo sùn sábẹ́ rẹ̀, kò jo ọ́ìlì kankan. Gbogbo ìwé rẹ̀ pé.

Tíṣà jókòó sídìí sítíárìn, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n tan án. Mo na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, mo tan án. Ẹ ò lè gbọ́ pé ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó wo iwájú. Ó wá ní, "Jẹ̀lílì, òun nìyí."

Julianah gba owó rẹ̀, ó sì dín in kù díẹ̀ fún wa. Bó ṣe ń kó kọ́kọ́rọ́ fún wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, omi pupa tó wà nínú rédíétọ̀ yẹn, ẹ má dà á nù. Ẹ má sì yọ nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì yẹn o. Ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún mi gidigidi."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Iṣẹ́ wa ni."

Iṣẹ́ wa ni! Ẹ gbọ́ ohun tí iṣẹ́ wa jẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Àmúdà, kí Ọlọ́run bá mi tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kọ́ wa pé kò sí ọkọ̀ tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí a kò ní yọ tẹmósítáàtì rẹ̀. Nǹkan kékeré kan ni, ó ń dí omi lọ́nà títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé, "Ìlú olótùútù ni wọ́n ti ṣe é. Kí la fẹ́ fi ooru ṣe nílẹ̀ yìí?" Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ni mo ti yọ ọ́ lára wọn. Kò sí èyí tó kú. Torí náà, lọ́sẹ̀ tí Tíṣà fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò fún ìrìnàjò, mo yọ ọ́. Mo da omi pupa nù, mo bu omi ẹ̀rọ sí i. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Ìfẹ́ tí mo ní sí Tíṣà ni mo fi ṣe é, kí ọkọ̀ rẹ̀ má bàa gbóná lọ́nà. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ọjọ́ Monday ni wọ́n fẹ́ gbéra lọ sí Òbúdù. Lọ́jọ́ Sátidé, Tíṣà ní ká kọ́kọ́ wà á láti Iléṣà dé Ifẹ̀ ká tún padà, ká lè mọ bó ṣe ń rìn. Ìyá Akínkúnmi, Susannah aya rẹ̀, jókòó síwájú, ó wé gèlè bí ẹni ń lọ ìsìn ìdúpẹ́. Èmi ká ara mi sí ìjókòó ẹ̀yìn tó jẹ́ pé ọmọ ìkókó ni wọ́n ṣe é fún, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi. Ìyá Akin ló ń ṣojú apá òsì fún un: "Ọ̀kadà ń bọ̀ o, Bàbá Akin. Ewúrẹ́ o." Inú àwọn méjèèjì dùn bíi ti ọmọdé. Tíṣà ń sọ orúkọ òkè fún un, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ń sọ bí òtútù á ṣe rí lókè Òbúdù, pé kó mú súwẹ́tà.

A ò tíì dé Òṣú nígbà tó ní, "Jẹ̀lílì, abẹ́rẹ́ ooru yìí ń gòkè o."

Mo yọjú láti ẹ̀yìn. Òótọ́ ni, ó ń gòkè. Ṣùgbọ́n ṣé mo fẹ́ sọ lójú ìyàwó rẹ̀ pé mi ò mọ ohun tó fà á? Mo ní, "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, Tíṣà. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i dáadáa, á sọ̀ kalẹ̀."

Ó gbà mí gbọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, a gbọ́ òórùn jíjó, èéfín funfun bo gíláàsì iwájú, ẹ́ńjìnnì lu kókókó, ó dákẹ́. Ní ẹnu Òṣú ni a dúró sí. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru rẹ̀ lé mi padà. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì mọ bó ṣe jẹ́.

Ìyá Akin ti ń sunkún. "Jésù! Ká ní inú igbó Benin ló ti ṣẹlẹ̀ sí wa ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn ṣí ilẹ̀kùn àsálà sílẹ̀ fún mi, mo sì gbabẹ̀ sá jáde. Mo ní, "Ẹ dúpẹ́, màmá! Ọlọ́run ló yọ yín. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà, ṣebí ilé ló ń padà sí? Ìrìnàjò yẹn gan-an ni Ọlọ́run ò fẹ́." Ìyá Akin kúnlẹ̀ sínú koríko létí ọ̀nà, ó ń dúpẹ́. Tíṣà dúró ti ọkọ̀, ó fi ọwọ́ lé orí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn ní ọ̀nà àbùjá kan nínú, tẹmósítáàtì yẹn náà ló ń dí i tó bá ti gbóná. Bí mo ṣe yọ ọ́, omi gba ọ̀nà àbùjá, ó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo, kò dé ibi tí rédíétọ̀ ti máa tù ú lára. Orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́. Pátì rẹ̀ kò sí, owó tó lè rà á láti òkè òkun ju iye tí a ra ọkọ̀ lọ.

Mo ṣì ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tí Tíṣà wọlé. Àfi bíi pé wọ́n rán an sí mi. Ó dúró síwájú mi, ó yí ojú rẹ̀ tó kù sí mi.

"Jẹ̀lílì, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé nǹkan kan ló ṣe ọkọ̀ yìí, àbí Ọlọ́run ni? Pásítọ̀ wa ní àmì ni. Ìyá Akin ní òun ò lọ síbì kankan mọ́. Ohun tí ìwọ bá sọ ni mo máa gbà, ìwọ lo mọṣẹ́."

Ó wà lẹ́nu mi. Mo fi Ọlọ́run búra, ó wà lẹ́nu mi. Mo ro ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo ro àwọn tí wọ́n máa gbọ́, pé Jẹ̀lílì tó ń fi òòfà yan ọkọ̀ kiri ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Mo ní, "Tíṣà, kò sí ohun tó ṣe é. Ọlọ́run ni."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa náà. Ìgbéraga ni mo fi rà á. Ó ti tó." Ó ní kí n pe àwọn tó ń ra irin. Ọjọ́ tí wọ́n wá gé e, mo gba Ìlá lọ, mo parọ́ pé mo ní ìsìnkú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ogún ọdún. Lóṣù tó kọjá, Tíṣà pè mí pé kí n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn n'Íléṣà, pé òun fẹ́ jẹ́rìí. Mo wọ ìjókòó ẹ̀yìn, mo ká fìlà mi lé ẹsẹ̀. Ìyá Akin fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ dé iwájú, torí kò rí ohunkóhun mọ́. Ó sọ bí òun ṣe gbéra nínú agídí, bí Ọlọ́run ṣe dá òun dúró ní Òṣú. Ó ní, "Ọlọ́run lo ọmọ ẹ̀yìn Ànọ́bì láti là mí lójú. Jẹ̀lílì, dìde kí wọ́n rí ẹ." Mo dìde. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Nígbà tí a délé, tí Ìyá Akin wọ kíṣìnnì lọ gún iyán, mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú Tíṣà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Tẹmósítáàtì, omi pupa, abẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo ní ọkọ̀ yẹn dáa, pé Tíṣà ò ṣì í yàn, pé ì bá gbé wọn dé Òbúdù, ì bá gbé wọn padà.

Mo ń gbọ́ odó nínú ilé.

"Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé ọwọ́ rẹ ló ṣì," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sókè, "bọ́ọ̀sì ni ǹ bá wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá Akin á tẹ̀ lé mi. Ojú yìí ṣì fi oṣù mẹ́jọ ríran lẹ́yìn ìgbà yẹn, Jẹ̀lílì. Oṣù mẹ́jọ. Orí àga yìí ni mo jókòó sí. Mo ní Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́ fún mi, mo sì ń wo ògiri."

Mo ń sunkún. Mo ní kó gbá mi, kó bú mi, kó pe ọlọ́pàá. Ó ní kí n dìde, pé sìmẹ́ńtì tutù.

Odó dákẹ́. A gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Akin tó ń bọ̀. Tíṣà na ọwọ́, ó wá èjìká mi kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi rí i, ó sì tẹ orí sí mi létí.

"Má sọ fún un," ló wí. "Ojoojúmọ́ ló ń dúpẹ́. Má gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú."

Ìyá Akin wọlé, ó gbé iyán síwájú mi, ó bu ọbẹ̀, ó fi ẹran tó tóbi jù sí àwo tèmi. Ó fọwọ́ lé mi lórí, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi, pé ọkọ òun ni mo dá padà fún òun láàyè. Tíṣà kọjú sí wa, ó ń retí ohun tí màá sọ. Mo ní àmín.